Ìṣẹ́jú Kan Nínú Ohùn Ajánásì

Ìyá oníke ló kọ́kọ́ fi fídíò náà hàn mí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi ní Dichemso. Òun ń ta bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́ àti ìjókòó oníke, èmi ń ta híjáàbù, ẹní ìkírun àti bútà. Obìnrin yìí kì í déédéé sọdá títì wá sọ́dọ̀ mi. Bí o bá rí i tó ń bọ̀, tó ń fi etí aṣọ nu ojú, ó ti ní nǹkan tó fẹ́ fi bà mí nínú jẹ́.

"Hajiya," ó pè mí bẹ́ẹ̀, ó sì mọ̀ dáadáa pé n kò tíì fojú kan Mẹ́kà, "hwɛ, ẹ wá wo bàbá yín."

Mo wo fóònù rẹ̀. Bàbá mi ló jókòó níwájú mọ́sáláṣí wa, láwàní funfun lórí, máíkì níwájú ẹnu. Ajánásì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ka Kùránì lọ, ohùn náà ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ó kà á fún ìgbà díẹ̀ kó tó dákẹ́. Bàbá mi wá la ẹnu, ó ní: "Obìnrin tó ń jókòó lọ́jà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tó ń bá ọkùnrin ọlọ́kùnrin dúnàádúrà, ẹ má tan ara yín jẹ, kò gba ààwẹ̀ kankan. Ebi lásán ló ń fi pa ara rẹ̀." Fídíò dúró síbẹ̀.

Ìyá oníke ká ọwọ́ gbera. "Èmi àtẹ̀yin ló ń bá wí," ó ní. "Àbí híjáàbù kì í ṣe ọjà?"

Ọkọ mi máa ń sọ pé bí mo bá rí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, n kò ní bi í pé kí ló pa á lẹ́rìn-ín, n ó bi í pé ta ló ń fi rẹ́rìn-ín. N kì í bá a jiyàn. Ẹlòmíràn ìbá wo fídíò yẹn, kó máa ronú lórí ohun tí bàbá òun sọ. Èmi, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́kàn: ta ló gé e?

Nítorí mo mọ bàbá mi. Àlùbọ́sà ni ìyá mi tà lọ́jà títí ọlọ́jọ́ fi dé, bàbá mi ló sì máa ń bá a gbé àpò sínú ọkọ̀ láràárọ̀, tòun ti láwàní, tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ń pè é ní Ààfáà aláàárù. Ọkùnrin tó fi èjìká rẹ̀ gbé àlùbọ́sà obìnrin ọjà kò lè dìde lọ́jọ́ ogbó kó ní ààwẹ̀ rẹ̀ kò gbà. Ẹnìkan fẹ́ ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, ọkàn mi sì sọ fún mi pé ẹni náà kò jìnnà sí wa.

Kí n sọ bí tàfúsírì ṣe ń lọ lọ́dọ̀ wa. Ará Ìlọrin ni àwọn bàbá ńlá wa, ṣùgbọ́n Asawase, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Twi, ni wọ́n bí èmi sí. Bí Ràmàdáánì bá ti dé, lẹ́yìn ìrun Alásàárì, bàbá mi a jókòó síwájú àwọn èèyàn, Ajánásì a jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ Ajánásì ni láti ka Kùránì lóhùn tó dùn. Iṣẹ́ bàbá mi ni láti túmọ̀ ohun tó kà sí Yorùbá, kó fi Hausa àti Twi bù ú lù fún àwọn tó bá nílò rẹ̀. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n àwọn méjèèjì ti dúdú ni wọ́n ti ń ṣe é pọ̀.

Bàbá mi wá ní àṣà kan tí gbogbo ẹni tó ń jókòó síbẹ̀ mọ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, yóò dá a dúró láàárín méjì, yóò na ọwọ́ sí Ajánásì pé kó máa kà. Ajánásì a kà á, ọkàn gbogbo wa a wà lókè, bàbá mi a wá padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbi tó fi í sí, bí ẹni pé kò kúrò níbẹ̀ rí. Ó lè ní, "Àwọn kan wà nílùú yìí, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ," kó na ọwọ́, kí Ajánásì kà á títí, kí òun tó wá sọ ohun tí àwọn èèyàn náà ń sọ, kó sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í nà wọ́n lọ́rẹ́. Ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn ìnawọ́ kò ní mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Láyé téèpù, wọ́n máa ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Mo ṣì rántí àwọn ọkùnrin tó máa ń jókòó ti rẹ́díò onítéèpù. Bí Ajánásì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, wọn a tẹ̀ ẹ́ kó dúró, kí téèpù má baà tán, nítorí ìtumọ̀ ni wọ́n ń wá. Bí bàbá mi bá ti la ẹnu, wọn a tún tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ. Téèpù bàbá mi kún inú àpótí kan nílé wa. Nígbà tí fóònù wá dé, ó kọ̀ jálẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé e sókè nínú mọ́sáláṣí, ó ní ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń wọ òun lójú. Ọdún tí mò ń sọ yìí ni àwọn àgbà mọ́sáláṣí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà fún ilé tẹlifíṣọ̀n kan, ọ̀kan nínú àwọn tó jẹ́ pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n wà. Ọmọkùnrin oníkámẹ́rà kan ní ń wá, bàbá mi sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí kì í pariwo.

Bí ìyá oníke ti padà sódì kejì, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi, mo lọ bá àbúrò mi ní Fante New Town, níbi tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Òun ló ń bójú tó ojú ewé mọ́sáláṣí wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun ló sì ń fi fídíò tàfúsírì síbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó ná."

"N kò jókòó. Ta ló gé e?"

Ó ti rí i. Ó ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ó sì ṣàlàyé fún mi. Nísàlẹ̀ fídíò gbogbo lọ́dọ̀ àwọn oní-tẹlifíṣọ̀n yìí, bọ́tìnì kan wà. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, o lè mú ibi tó wù ọ́ nínú odindi ètò, yóò bá ọ gé ìṣẹ́jú kan níbẹ̀, yóò sì fún ọ ní líǹkì tí o lè fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Kì í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ lọ́wọ́, ìyẹn kò kàn án. Orúkọ ẹni tó gé e a sì hàn nísàlẹ̀.

"Orúkọ ta ló wà níbẹ̀?"

Ó fi ìka hàn mí. Orúkọ mọ́sáláṣí wa ni.

"Àwa fúnra wa?"

"Àwa fúnra wa, Ẹ̀gbọ́n. Mo ṣí ojú ewé wa sínú fóònù tèmi, mo ṣí i fún Bàbá, mo ṣí i fún Ajánásì, mo sì ṣí i fún ìyàwó Ajánásì nítorí òun ni Ìyá Àdínnì, kí àwọn obìnrin lè rójú wo nǹkan."

Mo yọ bàbá mi kúrò lójú ẹsẹ̀. Ọkùnrin tó ń gbé fóònù wá bá mi láti Asawase pé kí n bá òun dín ariwo rẹ̀ kù, kí ló mọ̀ nípa gígé? Mo wá wo àbúrò mi lójú.

"Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn o. Chale, bàbá tèmi náà ni."

"N kò tíì sọ nǹkan kan."

"Ojú yín ti sọ ọ́."

Mo fi í sílẹ̀. Ẹni tó kù jẹ́ Ajánásì àti ìyàwó rẹ̀, bí mo sì ti ń rò ó nínú ọkọ̀ ni ó ń yé mi sí i. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. Ìgbà wo ni ẹnikẹ́ni yìn ín? Bàbá mi ni wọ́n ń kí, bàbá mi ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún, àní téèpù pàápàá kò gba ohùn tirẹ̀. Ó dá mi lójú pé inú irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè mọ́. Bí mo ṣe dé Asawase, mo ti dá ẹjọ́ náà tán.

Àìsàn ọ̀nà ọ̀fun ń ṣe é. Ohùn rẹ̀ ti ń há láti ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n gba fídíò yẹn ló sì kà gbẹ̀yìn kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù, níbi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wálé ni. Mo ra ẹ̀kọ jéró gbígbóná tí à ń pè ní kòkó dání bí ẹni tó wá kí aláìsàn. Lórí ẹní ni mo ti bá a, aṣọ funfun wé mọ́ ọn lọ́rùn. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi orí dá mi lóhùn.

"Dókítà ní kó má sọ̀rọ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Ó bọ́ sí i fún un, mo ní nínú mi. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, ta ni yóò bi í léèrè?

"Ìyá, ṣé ẹ rí fídíò Bàbá tó ń káàkiri?"

Ojú ìyá náà tàn. "Mo rí i o, ọmọ mi. Wallahi, ó dùn mọ́ mi! Ní sààrì, nígbà ìṣínu, òun ni mò ń gbọ́. Ẹni tó gé e yẹn, kí Ọlọ́run fi oore san án fún un."

Ajánásì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún fi orí dáhùn. Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Wọ́n ń ba bàbá mi jẹ́, wọ́n tún ń fi rẹ́rìn-ín lójú mi, wọ́n tún ń gba kòkó mi! N kò dúró kí ó mu ún tán. Mo ní ọjà ń dúró dè mí, mo sì jáde láìwẹ̀yìn.

Ní ọjọ́ méjì sí i, ọ̀rọ̀ náà ti di wàhálà ńlá. Àwọn obìnrin ọjà ló máa ń gbé oúnjẹ ìṣínu wá sí mọ́sáláṣí wa, ìrẹsì, ẹ̀wà, ọsàn, gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ebi lásán ni àwọn ń fi pa ara àwọn, kí àwọn tí ààwẹ̀ wọn gbà máa se tiwọn. Àwọn ọkùnrin mu omi, wọ́n jẹ dàbínù, wọ́n ń wo ara wọn. Lèmọ́mù àti àwọn àgbà wá ránṣẹ́ pe bàbá mi, wọ́n ní kó sinmi nílé títí ara yóò fi rọ àwọn èèyàn. Ààfáà ọ̀dọ́ kan bọ́ sórí ìjókòó rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó fi fídíò náà han bàbá mi. Ta ni yóò gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ síwájú àgbà? Àwọn tó bá a sọ̀rọ̀ ń sọ ọ́ yípo, wọ́n ń ní "ohun tí àwọn èèyàn ní wọ́n gbọ́." Ohun kan náà ló ń fi dá wọn lóhùn: "Ṣé wọ́n gbọ́ ọ tán?" Mo bá a nílé lẹ́yìn Alásàárì, ó jókòó lórí ẹní, ó kọjú sí ògiri, tẹ̀súbáà ń lọ lọ́wọ́ rẹ̀, gbohùngbohùn mọ́sáláṣí sì ń gbé ohùn ẹlòmíràn wọlé láti ojú fèrèsé. Ó dùn mí dé egungun. Mo búra pé ẹni tó ṣe é yóò mọ̀ pé bàbá yìí bí ọmọ.

Àbúrò mi gbìyànjú. Ó gbé odindi ètò náà sójú ewé mọ́sáláṣí, níbi tí bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ pé "àwọn kan wà nílùú yìí," títí dé ibi tó ti fi ìbínú ké pé irọ́ ni wọ́n ń pa, pé ààwẹ̀ obìnrin tó ń fi òógùn rẹ̀ bọ́ ọmọ ju ti ọkùnrin tó sùn sílé lọ. Kò wúlò. Àwọn kan kò ní dátà tí wọ́n fẹ́ fi wo ètò gígùn bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wò ó ní a ti tún un ṣe.

"Àbúrò yín ń tún kọ̀ǹpútà ṣe," ìyá oníke sọ ọ́ láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí gbogbo títì lè gbọ́, "kí ni kò lè tún ṣe?"

Ká ní bàbá tirẹ̀ ni, ohun tí èmi náà máa sọ nìyẹn.

Mo padà lọ bá àbúrò mi. Mo ní kó yọ ọ́ kúrò, àgékù àti odindi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó yé yín. Ohun tí mo fi sójú ewé wa yẹn, kì í ṣe fídíò gan-an. Fèrèsé lásán ni mo ṣí síbẹ̀, èèyàn ń gba ojú rẹ̀ wo inú ilé àwọn oní-tẹlifíṣọ̀n. Àgékù yẹn náà, fèrèsé ni. Gbogbo èyí tí àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn, fèrèsé ni. Bí àwọn yẹn bá pa iná ilé wọn, gbogbo rẹ̀ ló máa ṣú lẹ́ẹ̀kan náà."

"Kí ó ṣú. Ohun tí mò ń wá nìyẹn."

"Èyí tó gbe Bàbá náà máa lọ o."

"Ta ló gbà á gbọ́?"

Ó ní kí n lọ bá àwọn àgbà sọ ọ́. Mo sì lọ. Inú wọn dùn sí i ju tèmi lọ. Lèmọ́mù fúnra rẹ̀ ló pe àwọn oní-tẹlifíṣọ̀n, àwọn yẹn kò sì fẹ́ wàhálà mọ́sáláṣí nínú Ràmàdáánì. Mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí wọ́n yọ ọ́. Mo ń wo ìyá oníke lódì kejì tó fẹ́ fi fídíò náà han oníbàárà kan. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi fóònù lu àtẹ́lẹwọ́. Ojú dúdú ni, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé fídíò yìí kò sí mọ́. Mo gbé ojú kúrò, mo sì ń ka bútà tí kò nílò kíkà. Inú mi dùn, n kò ní parọ́.

Ìjà tí kò ní ohun tí wọ́n lè máa wò mọ́ kì í pẹ́. Oúnjẹ ìṣínu padà dé díẹ̀díẹ̀. Kí ààwẹ̀ tó parí, àwọn àgbà ní kí bàbá mi padà sórí ìjókòó rẹ̀, ọmọkùnrin kan sì ń kà fún un. Mo rò pé ó ti tán nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìṣínu, bàbá mi pè mí. Ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, bá mi wo nǹkan yìí. Ohun mi ti sọnù."

Mo wò ó. Ojú dúdú náà ni. Nísàlẹ̀ rẹ̀, mo rí i pé láti orí fóònù rẹ̀ ni àgékù náà ti jáde, ó lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àdínnì, ó sì lọ sínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin mọ́sáláṣí, ó ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bínú.

"Bàbá, ta ló bá yín gé e?"

"Ta ni yóò bá mi gé e? Èmi ni. Ọmọkùnrin oníkámẹ́rà yẹn ló kọ́ mi. O tẹ ibí, o tẹ ibí, ó tán." Ojú rẹ̀ dán bó ṣe ń sọ ọ́. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Dókítà pè mí sí kọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé ọ̀rẹ́ mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó ní ẹ̀mí rẹ̀ kò ní lọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò ní padà bọ̀. Mo wá wò ó pé kí n mú ìwọ̀nba díẹ̀ pamọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin pẹ̀lú, kí wọ́n lè fi bá a ṣe àdúà."

Mo gbọ́ ohùn Ìyá Àdínnì ní etí mi: ó dùn mọ́ mi, òun ni mò ń gbọ́.

"Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ ọ dé ìparí kí ẹ tó fi ránṣẹ́?"

"Mo gbọ́ Ajánásì tán. Ibi tí èmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kí ni mo fẹ́ gbọ́ níbẹ̀? Ta ní ń jókòó gbọ́ ohùn ara rẹ̀?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ ohun tó wà ní ìparí ìṣẹ́jú yẹn, mo sọ ohun tí àwọn obìnrin rò, mo sọ ohun tí a ní kí àwọn oní-tẹlifíṣọ̀n ṣe. Kò bínú. Ì bá sàn kí ó bínú.

"Gbogbo rẹ̀?" ó bi mí.

"Gbogbo rẹ̀, Bàbá."

Ó gba fóònù rẹ̀, ó fi í sápò. "Ó dáa," ó ní, ó sì dìde lọ kírun.

Ní ọjọ́ kejì, a bẹ àwọn oní-tẹlifíṣọ̀n pé kí wọ́n dá a padà. Wọ́n ní àwọn ti pa á rẹ́ pátápátá, pé ohun tí àwọn bá ti yọ, àwọn kì í tọ́jú rẹ̀. A tú àpótí téèpù, a gbọ́ ọ títí: bàbá mi, bàbá mi, bàbá mi. Bí ó bá ti kan Ajánásì, a gbọ́ "kẹ́rẹ́," bàbá mi a sì tún bẹ̀rẹ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. Mo bẹ àwọn obìnrin pé kí wọ́n yẹ fóònù wọn wò. Fèrèsé ni gbogbo wọn ní, gbogbo fèrèsé sì ti ṣú. Èmi tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run kí ó tú ẹni burúkú tó wà láàárín wa fó, mo wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí ẹni burúkú kan ṣoṣo wà, ẹnìkan tó kórìíra bàbá mi tó bẹ́ẹ̀ tó fi gba nǹkan yẹn pamọ́.

N kò fẹ́ sọdá títì. Ṣùgbọ́n mo sọdá.

"Ìyá oníke, ẹ jọ̀ọ́, fídíò bàbá mi yẹn. Ṣé ó wà lọ́wọ́ yín?"

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ ẹ ni."

"Ẹ fẹ́ wá pa ìyẹn náà rẹ́ lọ́wọ́ mi."

Mo jókòó sórí ọ̀kan nínú ìjókòó oníke rẹ̀, mo sì rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò dá mi dúró. Nígbà tí mo dé orí ohùn Ajánásì, ó dẹ́kun fífi aṣọ nu ojú. Ó na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, ó yọ fóònù kékeré kan jáde, kì í ṣe èyí tó fi hàn mí lọ́jọ́ yẹn.

"Mo mọ̀ pé ẹ máa yọ ọ́," ó ní. "Mo fi èyí gba ojú èkejì sílẹ̀, kí n lè rí nǹkan gbé síwájú àwọn àgbà. Mo mọ irú èèyàn tí ẹ jẹ́. Irú èèyàn tí èmi náà jẹ́ ni."

Mo na ọwọ́ láti gbà á. Ó fà á sẹ́yìn.

"Kí ni Bàbá sọ tẹ̀lé e?"

"Ó ní irọ́ ni wọ́n ń pa."

"Saa, lóòótọ́? Ẹnu tirẹ̀ ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ." Ó fa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé. "Ẹ jẹ́ ká lọ. Èmi ni n ó di fóònù mi mú o."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wọkọ̀ lọ sí Asawase, èmi àti obìnrin yẹn, fóònù wà ní àyà rẹ̀, ó fi ọwọ́ bò ó. N kò fọkàn tán an. Mo ń rò ó bóyá ó fẹ́ lọ fi ojú bàbá mi gbolẹ̀ nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Mo sì ti ránṣẹ́ sí bàbá mi pé kó pàdé wa níbẹ̀, kò sí bí mo ṣe lè yí i padà.

Ajánásì wà lórí ẹní rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bàbá mi jókòó sápá ọ̀tún rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń jókòó. Ìyá oníke kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó sì gbé fóònù náà lé bàbá mi lọ́wọ́. Bàbá mi tẹ̀ ẹ́.

Kò dára tó èyí tó ṣú. Ojú rẹ̀ wọ́, ó ń mì, ariwo Dichemso kún inú rẹ̀, méètì kan tó ń pe èrò sọ́kọ̀ ń ké "Kejetia, Kejetia" lé Kùránì lórí. Ṣùgbọ́n ohùn náà wà níbẹ̀. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Àdínnì fi ìborùn bo ojú. Ajánásì gbé ọwọ́ lé aṣọ ọrùn rẹ̀, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó ń bá ara rẹ̀ kà á, láìsí ohùn kankan. Mo sunkún níbẹ̀, n kò sì wo ẹni tó ń wò mí.

Ajánásì inú fóònù kà á parí. Bàbá mi inú fóònù mí, ó fẹ́ la ẹnu. Ìyá oníke tẹ̀ síwájú láti gbọ́. Bàbá mi tẹ̀ ẹ́, ó dúró.

"Bàbá," ìyá oníke ní, "ó ku tiyín."

"Irọ́ ni mo ní wọ́n ń pa," bàbá mi dá a lóhùn, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. "Ààwẹ̀ rẹ gbà, ọmọ mi. Jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ mi."

Ó dá a padà síbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ohùn náà tún fẹ́ parí, mo rí i pé àtàǹpàkò rẹ̀ ti wà lórí rẹ̀, ó ń dúró de ibi tí tirẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀, kó lè tẹ̀ ẹ́.